Ẹ̀fọn Kì í Ṣe Àmúwá Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará wa ní Awo, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ̀yin tí ẹ wà lóko, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jókòó sí orí àga káńsù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín pé ẹgbẹ́ òṣèlú fi ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀, ó ń bá yànmùyánmú jà, kí olúwa rẹ̀ kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ títí di òjò àrọ̀kúrò. Kí ó ṣírò owó tí ó san fún oògùn, kí ó fi owó ọkọ̀ lé e, kí ó fi ọjọ́ tí kò lè lọ sí oko lé e. Lẹ́yìn náà kí ó wá fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti sọ ọ́ di àṣà láti máa wí pé ẹ̀fọn ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé Ọlọ́run tí ó dá òjò ni ó dá ẹ̀fọn mọ́ ọn, àti pé kò sí ọmọ tí yóò dàgbà tí ibà kò ní í ṣe. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ń pa ọmọ. Lóòótọ́, Ọlọ́run ni ó rọ òjò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọlọ́run ni ó gbé ògbólógbòó táyà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná wa kí omi òjò lè dúró sínú rẹ̀. Kì í sì í ṣe Ọlọ́run ni ó gba iṣẹ́ kọngilá, tí ó la gọ́tà sí ojú títì, tí kò sì la ẹnu rẹ̀ sí ibì kankan tí omi lè gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye sí ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn jáde ní ìparí ọdún 2024. Ó sọ níbẹ̀ pé ní 2023, ibà ẹ̀fọn mú ènìyàn ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 263 káàkiri ayé, ó sì pa nǹkan bí 597,000. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó kú, nǹkan bí 31 ni ó kú ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ sì rántí pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó wà láyé, àwa tí a wà ní Nàìjíríà kò pé mẹ́ta. Ní ilẹ̀ adúláwọ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òkú náà. Bí ogun bá pa iye ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, gbogbo ilé iṣẹ́ redio ni yóò máa ké. Ṣùgbọ́n inú yàrá ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kú sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ọwọ́ ìyá wọn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó fun fèrè.

Kì í ṣe pé ayé kò mọ ohun tí ń fa ibà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, Ronald Ross, dókítà kan tí ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Ní 1899 ó dé Freetown ní ilẹ̀ Sàró, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ̀fọn ilẹ̀ tiwa ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà méjì ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣàkóso wa: kí wọ́n bá ẹ̀fọn jà nítorí gbogbo ènìyàn, tàbí kí wọ́n sá fún ẹ̀fọn nítorí ara wọn nìkan.

William MacGregor, tí ó jẹ́ Gómìnà Èkó láti 1899 títí di 1904, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ dókítà, yan ọ̀nà kìíní. Ó gbẹ́ ipa omi, ó di àbàtà, ó ní kí a fún àwọn ènìyàn ní kuníìnì, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní í ya ibùgbé òyìnbó kúrò láàárín àwọn ọmọ ìlú nítorí ibà. A kì í yin amúnisìn lásán ní ojú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe dáadáa, a ó sọ pé ó ṣe dáadáa.

Àwọn mìíràn yan ọ̀nà kejì. Ní 1900, Stephens àti Christophers, àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì tí wọ́n rán wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kọ ọ́ pé inú ara àwọn ọmọ adúláwọ̀ ni kòkòrò ibà fi ṣe ilé, pé ohun tí ó dára jù ni kí òyìnbó kọ́ ilé rẹ̀ jìnnà sí wọn. Nígbà tí ó fi máa di 1917, Lugard ti sọ ìrònú náà di òfin: kí ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó 440 yáàdì wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ibùgbé ọmọ ìlú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ ilé tí yóò máa sùn sí orí rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n yìí, ẹ̀yin ará! Wọn kò wí pé kí a wo ọmọ náà sàn. Wọn kò wí pé kí a gbẹ omi tí ẹ̀fọn yé sí. Wọ́n ní kí a sá fún ọmọ. Irú ìrònú yìí ni ó wà lẹ́yìn Ìkòyí ní Èkó, òun náà ni ó wà lẹ́yìn Àgódì àti Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, níbi tí igi ti pọ̀, tí ilé jìnnà sí ilé, tí gọ́tà sì ń ṣàn.

Gẹ̀ẹ́sì gbé àsíá rẹ̀ lọ ní 1960. Ìlà tí ó fà kò bá a lọ. Ta ni ń gbé inú àwọn ibùgbé wọ̀nyẹn lónìí? Àwọn tí a dìbò fún ni, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba ni, àwọn tí ń gba kọ́ńtíráàtì gọ́tà wa ni. Àwọ̀n wà lójú fèrèsé wọn, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ ní yàrá wọn, bí ibà bá sì mú ọmọ wọn, dókítà ń dúró dè é. A kò bínú pé wọ́n ń gbé ibi tí ó dára. Ohun tí ó ń bí wa nínú ni pé wọ́n jogún ilé òyìnbó, wọ́n sì jogún ojú tí òyìnbó fi ń wò wá. 440 yáàdì ìgbà Lugard ti gùn sí i: ó bẹ̀rẹ̀ láti Àbújá, ó sì dé Awo.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Awo ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́. Bí ìmọ́tótó kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibùjókòó káńsù, ibo ni Ìdó-Ọ̀ṣun, Ọ̀kínní àti Ìràgbèrí yóò ti kọ́ ọ? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó gbà pé igbó ni ó ń bí ẹ̀fọn. Nítorí náà, bí ẹ̀fọn bá pọ̀, a ó mú àdá, a ó ṣá koríko, a ó sì rò pé iṣẹ́ parí. Igbó lè fún ẹ̀fọn ní ibòji ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n omi ni ó ń bí i, omi tí ó dúró sójú kan. Abo ẹ̀fọn a yé ẹyin sínú omi, ẹyin a di tanwíji, tanwíji a sì hu ìyẹ́, a fò jáde. Ní irú ooru ilẹ̀ tiwa, gbogbo iṣẹ́ yìí kò gbà ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ohun tí ń jà yìì-yìì sókè sódò nínú àmù tí a kò fọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ẹ̀fọn ọ̀la ni.

Ẹ̀fọn kì í sì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Èyí tí ń gbé ibà kiri fẹ́ràn omi òjò tí ó mọ́, tí oòrùn ń pa: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà ọkọ̀ lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, kòtò tí a ti gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ mọlé tí a kò sì dí i padà. Òru ni ó máa ń jẹ ènìyàn, kì í sì í pariwo púpọ̀. Èyí tí ń kọrin sí wa létí títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, inú gọ́tà tí omi rẹ̀ ti dúdú àti inú ṣáláńgá ni ó ti ń wá. Ẹ̀kẹta ni a kò kà sí rárá: ó dúdú, ó ní àmì funfun lára ẹsẹ̀, kì í dúró de òru kí ó tó jẹni. Ẹsẹ̀ obìnrin tí ó jókòó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án gangan ni ó ń jẹ. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú, èyí tí ojú àti ara aláìsàn fi ń dà bí ìyeyè. Kò sì fẹ́ràn igbó tó ilé wa. Àmù, ìkòkò, àgbá, agolo, táyà, ìgò tí ó fọ́, gbogbo ibi tí ó bá ti rí omi mímọ́ díẹ̀ ni ó ń yé sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní 1987, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdún náà, ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí àwa náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Iye tí ìwé ìjọba kà ni ènìyàn 805, tí 416 nínú wọn sì kú. Àwọn oníṣègùn tí wọ́n wọ ìlú lọ ṣe ìwádìí kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé iye tòótọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ̀fọn wo ni ó ṣe é? Kì í ṣe ẹ̀fọn inú igbó. Ẹ̀fọn inú ilé ni, èyí tí ó ń yé sínú ohun tí a fi ń pọn omi. Irú rẹ̀ sì ti jà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1946. Ogójì ọdún ó lé ọ̀kan ni ó wà láàárín méjèèjì, a kò sì fi kọ́gbọ́n. Ní 2017 ni ibà náà tún yọjú sí Kwara, tí kò jìnnà sí wa. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń gbà á. Kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án, tí kò tíì gbà á, gbé e lọ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, àwọn aláṣẹ yóò sáré sọ pé, “Ẹ ò rí i bí? Àwọn obìnrin ni ó ń fi omi sílẹ̀ nílé.” A ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ni ó mú kí obìnrin máa tọ́jú omi sínú àgbá? Ǹjẹ́ ìfẹ́ àgbá ni? Odò Erinlẹ̀ tí a sé fún omi ẹ̀rọ kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí omi yóò tún sun kò lè ṣe kí ó má pọn sílẹ̀. A kì í bá omi ṣọ̀tá. Ìyá tí ó gbé omi sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí ó gba owó ẹ̀rọ omi tí kò sì jẹ́ kí omi sun ni kí a pè lẹ́jọ́. Ohun tí a ń bẹ ìyá náà ni pé kí ó bo àgbá rẹ̀ dáadáa, kí ó fi aṣọ tí ó mọ́ dì í lẹ́nu bí kò bá ní ọmọrí, kí ó sì máa da ìsàlẹ̀ omi nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó fi kànrìnkàn bó inú rẹ̀, nítorí ara àgbá ni ẹyin ẹ̀fọn ń lẹ̀ mọ́. Bí a bá ń ṣe èyí ní ọjọ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀, tanwíji kò ní í rí àyè hu ìyẹ́.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ wolé-wolé. Àwọn àgbà wa rántí wọn: aṣọ kakí, fìlà, ìwé lábẹ́ abíyá. Wọn a wọ àgbàlá, wọn a ṣí àmù, wọn a wo ẹ̀yìn ilé, bí wọ́n bá sì bá tanwíji nínú omi ẹni, kóòtù ni. A kò ní í tan ara wa jẹ. Àwọn kan nínú wọn fi ìwọ̀sí lọ àwọn ìyá wa, wọ́n gba adìẹ, wọ́n gba ẹyin, wọ́n sì gba owó kí wọ́n má baà rí ohun tí wọ́n rí. Orin tí àwọn ènìyàn fi ń bú wọn kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tìtorí pé alápatà ń ré wọ̀n jẹ tí ó wá ní kí a pa ọjà ẹran rẹ́, ó ti ṣìṣe. Iṣẹ́ náà dára. Ìwà àwọn kan tí ń ṣe é ni kò dára. Bí àwa fúnra wa bá wá ń ṣàkóso, tí a lè pe wolé-wolé lẹ́jọ́ ní iwájú àwọn ará àdúgbò, kí ni ó dé tí a fi jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ pa rẹ́ ní àgbàlá wa? Lónìí, ọmọ ilé-ìwé gíga ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó àyíká, ó ń gba ìwé ẹ̀rí, ó sì ń jókòó sílé láìríṣẹ́, nígbà tí táyà àti agolo ń bí ẹ̀fọn ní ojúlé tí ó tẹ̀ lé tirẹ̀.

Iṣẹ́ ta ni? Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 kò fi í pamọ́. Níbi tí ó ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó kọ ọ̀nà, ó kọ gọ́tà, ó kọ ilé ìgbẹ́ gbogbogbò, ó kọ kíkó ìdọ̀tí dànù. Nítorí náà kí káńsù má ṣe tọ́ka sí Òṣogbo, kí Òṣogbo má ṣe tọ́ka sí Àbújá. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Inú wa dùn, a sì rò pé àwáwí ti tán. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun ní 2025? Ẹgbẹ́ méjì ń du àga káńsù, wọ́n ń ti kóòtù kan bọ́ sí òmíràn, owó káńsù há sí òkè, àwọn òṣìṣẹ́ sì pa ilé iṣẹ́ tì. Ẹni tí ó jàre nínú ìjà náà, ẹ jẹ́ kí àwọn lọ́yà sọ. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé ẹ̀fọn kò gba ìsinmi lọ́jọ́ kan ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń jà. Ẹgbẹ́ yòówù tí ó bá wà lórí àga, tiwa kò yọ sílẹ̀, gọ́tà ni a ó fi dá a lẹ́jọ́.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣebí ìjọba pín àwọ̀n ẹ̀fọn?” Ó pín in, ó sì dára. Kí olúkúlùkù ta á, kí aboyún àti ọmọdé sùn sábẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́. Ẹni tí ó bá fi í sọ ọgbà ẹ̀fọ́, ọmọ rẹ̀ ni ó já sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kò lè dá ẹ̀fọn ọ̀sán dúró, kò sì lè bá ẹni tí ó jókòó sí ìta ní agogo mẹ́jọ alẹ́ wọlé. Ẹni tí ó pín àwọ̀n tí kò gbẹ gọ́tà, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Oògùn fínfín pẹ̀lú ń pa èyí tí ó ti hu ìyẹ́, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń bọ̀ lẹ́yìn nínú omi. Àjẹsára ibà ti dé sí Nàìjíríà, láti ìparí 2024 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kebbi àti Bayelsa. A ń fi ayọ̀ retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìrètí gbẹ omi.

Ẹni tí ó bá sọ pé kò ṣeé ṣe, kí ó gbọ́ ìtàn Brazil. Ní nǹkan bí 1930, ẹ̀fọn tiwa gan-an, èyí tí ń gbé ibà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bá ọkọ̀ kọjá òkun, ó sì dé ìlú Natal. Nígbà tí ó di 1938, ibà ti sọ àgbègbè náà di ilé ọ̀fọ̀. Ìjọba Brazil àti àjọ Rockefeller, tí Fred Soper ṣíwájú, kó òṣìṣẹ́ jọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀nà-ọ̀nà, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, wọ́n ń wo kòtò kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń fi oògùn sí i, ọ̀gá sì ń tẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn láti wò ó bóyá ó ṣe é. Nígbà tí 1940 fi parí, wọn kò rí ẹyọ kan mọ́ nínú ẹ̀fọn náà. Kí sì ni wọ́n fi ṣe é? Wolé-wolé ni! Nítòsí wa níhìn-ín, Cape Verde gba ìwé ẹ̀rí ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé ibà ẹ̀fọn ti kúrò nílẹ̀ wọn. Erékùṣù ni wọ́n, a mọ̀, iṣẹ́ tiwa yóò le ju tiwọn lọ. A kò sọ pé Awo nìkan lè lé ibà kúrò ní Nàìjíríà. A ní ó lè dín ẹ̀fọn àgbàlá rẹ̀ kù.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ káńsù Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ kò pọ̀. Kí ó gba àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìmọ́tótó síṣẹ́, kí ó sì pín àdúgbò fún wọn, kí a mọ ẹni tí ó ni ojúlé wo. Kí wọ́n máa wọ ilé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní àkókò òjò, kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá àdúgbò máa bá wọn rìn, kí àwáwí adìẹ àti ẹyin lè tán. Kí wọ́n kọ́ni ní ẹ̀ẹ̀kan àti ní ẹ̀ẹ̀kejì kí wọ́n tó bu owó ìtanràn léni lórí. Kí káńsù la ẹnu gọ́tà tí kò ní ẹnu, kí ó sì dí kòtò tí àwọn kọngilá gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ. Ní ti àwọn fọkanáísà, a bẹ̀ yín, ẹ gbé táyà yín sábẹ́ òrùlé tàbí kí ẹ lu ihò sí i lára. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A ti ń kọ ìwé lọ sí káńsù. Ohun méjì ni a béèrè nínú rẹ̀: wolé-wolé mélòó ni ó wà nínú ìwé ìsanwó wọn fún Awo lónìí, ọjọ́ wo ni wọ́n sì wọ ilé ènìyàn kẹ́yìn? Èsì tí wọ́n bá fún wa ni a ó tẹ̀ sí ojú ìwé yìí láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bí wọn kò bá fèsì, a ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, a ó sì kọ ọjọ́ sí i lórí.